Ogójì Ibùsùn àti Alágbàárù Tí Kì Í Béèrè

"Àkọ́kàn mi dà?"

Bàbá Káfíńtà ló béèrè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí èérún pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń wá ibùsùn ọmọdé tó kọ́kọ́ kàn ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Ó fẹ́ fi wọn ẹsẹ̀ àwọn tuntun.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníbùsùn, ń ka ìṣó sínú agolo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Akọ̀wé, ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọkọ Akọ̀wé, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lórí tábìlì ìyàwó rẹ̀, nítorí ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, jíjókòó lásán kò sì bá a lára mu. Ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Alága torí pé òun ló ń pàṣẹ nínú ilé, wà nínú ibùsùn aláwọ̀ ewé rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Òun nìkan ló dà bí ẹni tó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Mo ti bá ògiri sọ̀rọ̀, ògiri ti gbọ́." Ó padà síbi ayùn rẹ̀.

Ìdílé yìí kì í ta ibùsùn fún ẹni tó máa lò ó. Àwọn onísọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń wá kó o lọ tà. Wọn kì í mọ ẹni tó rà á, àfi bí ẹni náà bá fi nọ́ńbà tí Bàbá gbẹ́ sí ẹsẹ̀ ibùsùn ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún méjì gbáko ni wọ́n á fi máa bá a tún ibùsùn náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà jọ, ìbáà jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ìbáà jẹ́ lẹ́tà orí ayélujára. Bàbá sọ ètò náà ní Etí. Láràárọ̀ ló máa ń bi ọmọ rẹ̀ pé, "Etí wa ńkọ́, ṣé kò di?"

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Akọ̀wé gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Etí, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ fi ìṣó yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí kọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "'Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé aṣọ tí mo fọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ mi láàárọ̀ yìí, ni ẹ̀gbẹ́ náà bá já wálẹ̀. Ọmọ ò sí nínú rẹ̀, mo dúpẹ́. Àmọ́ ó ti ń dìde dúró báyìí, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì máa ń dì mú. Nọ́ńbà rẹ̀ ni K23.'"

Màmá pe ọkọ rẹ̀ wọlé. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ gbé páálí kan wá láti abẹ́ tábìlì iṣẹ́. Ìkọ́ irin díẹ̀ ló kù síbẹ̀, irú èyí tó ń di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú kó má baà sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹ̀mú mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ náà tẹ̀ bí etí ewúrẹ́.

"Ìkọ́ yìí la lò fún gbogbo K," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń tà á fún wa tẹ́lẹ̀ ò ní, mo wá ra ti ẹlòmíì. Nígbà tí mo dé orí L, mo padà sí ti àtijọ́."

"K mélòó lẹ kàn?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Ogójì."

"Ogójì ọmọ," ni Màmá wí. Ó yí ojú sí Alága tó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀. "Oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. Gbogbo wọn ló máa ti máa dìde báyìí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, gbogbo wọn, lónìí."

Bàbá fọwọ́ gbọn èérún pákó kúrò ní irùngbọ̀n. "Mo gbọ́. Àmọ́ bí a bá pe ogójì èèyàn pé iṣẹ́ wa ò dáa, kí ni wọ́n á máa pè wá?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè wá ní ohun tó wù wọ́n. Orúkọ tó bàjẹ́, a lè fi iṣẹ́ tún un ṣe. Orí ọmọ tó bá gbá ilẹ̀, irú òòlù wo lẹ fẹ́ fi tún ìyẹn ṣe?"

"Èmi náà mọ̀," ni Bàbá wí. "Mo kàn ní kí n sọ tèmi ni, kí wọ́n má baà ní mi ò sọ̀rọ̀ nípàdé."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú Etí lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ẹni tó ń béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n lò wà níbẹ̀, ẹni tó ń kí wọn kú ọdún náà wà níbẹ̀, wọ́n dàpọ̀ bí ìṣó inú agolo. Bí Akọ̀wé bá ní kóun máa kà á níkọ̀ọ̀kan, yóò di ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkọ rẹ̀ na ara. Àtàárọ̀ ló ti ń wá ohun tí yóò tú. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó kó ọ̀rọ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíì. Tí a bá so ó mọ́ Etí, á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, á tò ó sínú àtẹ. Orúkọ á wà ní ojú kan, fóònù á wà ní ojú kejì, nọ́ńbà ibùsùn á wà ní ẹ̀kẹta. Ká kàn wá máa mú àwọn K."

"Alágbàárù ni, nígbà náà," ni Bàbá wí.

"Alágbàárù gan-an, Bàbá. Èyí ò kàn ní í làágùn ni."

"Báwo ló ṣe máa wọ inú Etí?"

"Etí fúnra rẹ̀ ló máa fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn báyìí ni. Mo máa dà á kọ sínú Alágbàárù, ilẹ̀kùn á ṣí." Ó ti ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé na ọrùn wò ó. "Dúró ná, Bàbá Alága. Kí lo fàmì sí yẹn?"

"'Gbogbo rẹ̀.' Kó má baà dá wa dúró lọ́nà."

"'Gbogbo rẹ̀' túmọ̀ sí pé ó lè kà á, ó lè kọ sí i, ó sì lè pa á rẹ́. Alágbàárù tó wá gbé àpò kan ṣoṣo, o wá fẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ò ń sùn lé e lọ́wọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi tí Alága fi bá a rẹ́rìn-ín.

"Fàmì sí kíkà nìkan," ni Akọ̀wé ń bá a lọ. "Má sì jẹ́ kó kó àdírẹ́sì. Àwọn míì kọ aago tí ọmọ wọn ń sùn síbẹ̀, àwọn míì kọ ìgbà tí wọn kì í sí nílé. Nọ́ńbà ibùsùn, orúkọ, fóònù. Ó tó. Ṣe é kí kọ́kọ́rọ́ yẹn kú lọ́la, kó má ṣe wà níbẹ̀ títí láé. Má sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù rẹ, mo mọ̀ ẹ́."

"Ìyá Alága, èwo nínú àwa méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà?"

"Ìwọ ni. Èmi ni mo ń gbọ́ ohùn wọn."

Ọkọ rẹ̀ fa ẹ̀rọ náà mọ́ra. Ó ṣe ohun tó sọ. Àwọn ìlà kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti ń yá a, ó tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò sínú àtẹ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ó ń dán lójú. Nígbà tó yọ àwọn K sọ́tọ̀, ó dìde, ó tẹ orí ba fún ìdílé ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eré orí ìtàgé.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ti parí."

Màmá kò pàtẹ́wọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ síbi pátákó dúdú tí wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n pákó sí. "Mélòó ló kó jáde?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, Màmá."

Ó kọ 40, ó kọ 28 sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà. "Méjìlá dà?"

"Bóyá àwọn yẹn ò fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ ni, Màmá."

"Ọkọ ọmọ mi, 'bóyá' ò ní fóònù tí mo lè pè." Ó ronú díẹ̀. "Bàbá Aago ńkọ́? Ó wà níbẹ̀?"

Bàbá Aago ni arúgbó tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì, tó ra ibùsùn kan fún ọmọ-ọmọ tó ń tọ́. Ọkọ Akọ̀wé wo àtẹ náà látòkè délẹ̀. Bàbá Aago kò sí níbẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe," ni Màmá wí. "Ọkùnrin yẹn ń pe ibí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí kò bá rí ohun tó fẹ́ sọ, á sọ iye aago tó lù."

Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé orí. "Ó ń pè ni. Kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Màmá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé kí n má máa yọ àwọn àgbà lẹ́nu pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, èmi ni mo ń bá wọn kọ ọ́."

"Ibo lò ń kọ ọ́ sí?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Inú Etí náà ni. Mo ṣí ojú ewé kan tí mo pè ní 'Àwọn Àgbà Mi'. Ibi ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni mo ń kọ ọ́ sí, ibi tí àwa òṣìṣẹ́ nìkan ti lè rí i."

Ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó fa ojú ẹ̀rọ náà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, síbi àwọn ìlà kéékèèké tó fò. Ó kà á sókè: "'Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan. Má ṣe kó ọ̀rọ̀ abẹ́lé.' Àmì ti wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ló fàmì náà sí i?" ni Bàbá béèrè.

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn. Ó yẹ kí n wò ó."

"Ọ̀rọ̀ yín ti wá yé mi," ni Bàbá wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Alágbàárù kì í gbé ẹrù tí a kò fi hàn án. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà béèrè pé ṣé ó kù. Ohun tó bá gbé dé náà ni yóò sọ̀ fún ọ, ìwọ á wá rò pé ilé ti ṣófo."

"Ẹ sì wo àwọn tó fi sílẹ̀," ni Màmá wí. "Àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, tí wọ́n sì ń dá tọ́ ọmọ."

Ọkọ Akọ̀wé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Mo jẹ̀bi, Ìyá Alága. Mo ti ń tẹ orí ba kí n tó kà á."

"Ẹjọ́ ò tíì kàn ọ́. Yọ àmì yẹn kúrò, kó o tún rán an lọ."

Ó tún rán an lọ. Mọ́kàndínlógójì ló kó dé lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Aago sì ni ìkẹta. Kí ó tó sọ pé òun parí, ó mú orúkọ márùn-ún nínú àtẹ, ó sì lọ wò wọ́n nínú Etí níkọ̀ọ̀kan bóyá fóònù wọn bára mu. Wọ́n bára mu. Màmá pa 28 rẹ́, ó kọ 39.

Wọ́n pín orúkọ náà láàárín ara wọn, fóònù mẹ́rin sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Màmá ní kí gbogbo wọn máa sọ: ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò dáa, àwa la jẹ̀bi, ẹ gbé fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọmọ máa sùn síbẹ̀, ẹ má fi okùn so ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ má sì sọ pé ẹ ó máa ṣọ́ ọ, títí a ó fi mú ìkọ́ gidi wá bá yín nílé.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí," ni Bàbá Aago wí, ohùn rẹ̀ sì ń dún láti inú fóònù àti láti òdìkejì títì pọ̀. "Láti ijẹta ni nǹkan yẹn ti ń dún 'kí'. Mo rò pé inú aago kan ni. Mo ti tú aago mẹ́rin wò."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Mo kàn ń ro bí mo ṣe máa to aago mẹ́rin padà."

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣe àwàdà. Obìnrin kan sọ fún Bàbá pé irun orí ọmọ òun kò tíì hù tán, wọ́n ti fẹ́ fi ilẹ̀ gbá a. Bàbá gbé fóònù sí etí, ó ń sọ pé, "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá," títí tí obìnrin náà fi sọ tinú rẹ̀ tán. Màmá kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ń ṣe tà, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbu díẹ̀ kù. Wọ́n pinnu pé Bàbá kò ní kan ibùsùn tuntun kankan lọ́sẹ̀ méjì, ìkọ́ ni yóò máa pààrọ̀ kiri. Nígbà tó fi di aago mẹ́ta, mọ́kàndínlógójì ọmọ ti wà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ara gbogbo ilé sì ti fúyẹ́.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ọkọ Akọ̀wé to àwọn nọ́ńbà náà tẹ̀ léra wọn. K2 wà níbẹ̀, ó sì lọ tààrà dé K40.

"K1 ni kò sí," ni ó wí.

"Mo ti ń béèrè láti àárọ̀," ni Bàbá wí. "Àkọ́kàn mi nìyẹn."

Wọ́n pe àwọn onísọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó rántí pé òun gba K1. Ọkọ Akọ̀wé wá a nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náà látòkè délẹ̀, ó wá a nínú ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ó wá a nínú ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Kò sí níbì kankan. Ọmọ kan wà níbì kan tó ń di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, wọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bóyá ìwọ náà ní ibi tí o ń kó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ jọ sí, tàbí orúkọ àwọn aláìsàn, tàbí ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ so ohun tó ń kó ọ̀rọ̀ jáde mọ́ ọn, má ṣe fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, má sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́ níta ju iṣẹ́ náà lọ. Ka àwọn ìlà kéékèèké ìsàlẹ̀. Kí o tó rán an, mọ iye tó yẹ kó gbé dé. Tó bá dé, kà á, má gbà á gbọ́ torí pé ó tò dáadáa. Bi ara rẹ léèrè pé irú èèyàn wo ni kò ní í hàn nínú àtẹ yìí, kí o sì lọ wá ẹni náà kí o tó sọ pé iṣẹ́ parí. Má sì gbàgbé pé kò sí alágbàárù láyé yìí tó lè gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán ti yí dé ojú fèrèsé. Pípa tí wọ́n pa Alága tì ti sú u. Ó ju ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ mú, ó ṣe họ̀ọ́họ̀ọ́, ó sì dìde dúró. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ wò ó," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ wo Alága."

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ń pàtẹ́wọ́, ọkọ Akọ̀wé ń wá fóònù tó máa fi ya fọ́tò. Màmá tí ṣọ́ọ̀kì kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti na ọwọ́ kan sí ọmọ náà, ó fi ọwọ́ kejì di òpó ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà dún "kí."

Ẹ̀rín dá. Kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, Màmá ti fa Alága yọ sí àyà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ náà sì já wálẹ̀ gbì. Alága rò pé eré ni, ó tún fẹ́ kó já sí i.

Ojú Màmá wà lára òpó tó dì mú. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ ti fi funfun bo ọ̀dà aláwọ̀ ewé náà, ṣùgbọ́n kò wọ inú ibi tí wọ́n gbẹ́.

"Èmi ni mo gbé e," ni ó wí. "Kí wọ́n tó bí i. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì. Mo mú un láàárín àwọn tó wà ní ìsọ̀, mo rò pé ti àtijọ́ ni, mo kùn ún tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Mi ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ta ni mo fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí, ara mi?"

Bàbá Káfíńtà kúnlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó fi ìka tọ ipa ọ̀bẹ tirẹ̀ lára igi náà, ẹsẹ̀ K méjèèjì, lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán.

"Àkọ́kàn mi rèé," ni ó wí.